Bí Ẹ Ṣe Lè Wá Ìtàn Òṣogbo Nínú Láíbùrérì àti Ilé Ìpamọ́ Ìwé Àtijọ́

Ẹni tó bá wọ láíbùrérì tó ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìwé ìtàn Òṣogbo" kì í pẹ́ jáde. Òṣìṣẹ́ á gbé ìwé kan tàbí méjì fún un. Á ka ìtàn Láròóyè àti Tìmẹ́hìn tó ti gbọ́ láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, á ka ọ̀rọ̀ ìkòkò aró tó fọ́ lódò, á ka ogun tí Ìbàdàn fi lé Ìlọrin padà ní nǹkan bí 1840. Á padà sílé, á ní kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Ohun tuntun wà níbẹ̀. Ìbéèrè tó gbé lọ ni kò mú.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó ń tọpa ìtàn agbo ilé rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá, oníròyìn tó fẹ́ mọ bí àdúgbò kan ṣe bẹ̀rẹ̀, àti ẹni tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí oyè ti lé dé ìdí ìwé àtijọ́. Èmi á mú ìbéèrè kan ṣe àpẹẹrẹ bí a ṣe ń lọ: ilẹ̀ tí ọkọ̀ ojú irin gbà ní Òṣogbo.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ bẹ̀rẹ̀ nílé

Kí ẹ tó wọ ọkọ̀ lọ sí ibikíbi, ẹ tú àpótí ìyá àgbà. Ẹ wo ìwé ẹ̀rí owó orí, káàdì ìrìbọmi, ìwé àdéhùn ilẹ̀ tí wọ́n ká sínú ọ̀rá, ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́, àti fótò tí wọ́n kọ nǹkan sí lẹ́yìn. Ẹ ya fótò gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú fóònù, kí ẹ sì dá ojúlówó padà síbi tó wà. Ẹ má gbé e kiri.

Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó ti ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí, kí ẹ béèrè orúkọ. Bàbá kan ṣoṣo lè jẹ́ Àjàní nílé, kó jẹ́ Sùlè ní mọ́sálásí, kí akọ̀wé òyìnbó kọ ọ́ ní "Sule Oshogbo", kí gbogbo àdúgbò sì máa pè é ní Bàbá Rélùwéè. Orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ máa fi wá a, torí ẹ kò mọ èyí tí akọ̀wé gbọ́ lọ́jọ́ tó ń kọ ọ́. Ẹ gba orúkọ agbo ilé náà, ẹ gba oríkì orílẹ̀ wọn, kí ẹ sì béèrè ìlú tí wọ́n ti wá. Ogun àti ọjà ti kó èrò láti ọ̀pọ̀ ìlú wá sí Òṣogbo, nítorí náà ìwé tó sọ̀rọ̀ baba ńlá yín lè wà lábẹ́ orúkọ ìlú mìíràn.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ pọ́n ìbéèrè yín kó mú

Ẹ kọ ọ́ ní gbólóhùn kan. Kó ní ibì kan tàbí ènìyàn kan nínú, kó sì ní ìgbà. "Ojú irin ní Òṣogbo" kì í ṣe ìbéèrè, orí ọ̀rọ̀ ni. Ìbéèrè ni "Ta ló ní ilẹ̀ tí ìjọba gbà fún ibùdókọ̀ ojú irin ní Òṣogbo, kí sì ni wọ́n san fún wọn?" Ẹ wo bó ṣe dín iṣẹ́ kù. Ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì ti gba Òṣogbo kọjá lọ sí Ìlọrin kí 1910 tó pé. Nítorí náà, ìwé ọdún mẹ́wàá yẹn lẹ máa kọ́kọ́ béèrè. Ẹ kò ní í jókòó ti ìwé ọgọ́rùn-ún ọdún.

Àpẹẹrẹ mìíràn nìyí fún ẹni tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òwò bá wù. British American Tobacco kọ́kọ́ dán ẹ̀rọ ìṣe sìgá wò ní Òṣogbo ní 1933, kí wọ́n tó gbé ilé iṣẹ́ ńlá lọ sí Ìbàdàn. Àwọn wo ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Àdúgbò wo ni wọ́n ti wá? Ẹni tó bá fi ọdún bíi mélòó kan péré sọ́kàn, tó sì fi orúkọ ilé iṣẹ́ kan péré wá a, lè rí ohun tí kò tíì sí nínú ìwé kankan.

Tí òṣìṣẹ́ láíbùrérì bá bi yín pé "kí lẹ ń wá gan-an?", gbólóhùn yẹn ni kí ẹ kà fún un. Má bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà Odùduwà.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mọ ilé tí ohun tí ẹ ń wá wà

Ìtàn Òṣogbo kò sí lójú kan. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi àkókò ṣòfò, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà, eré orí ìtàgé, ọdún Ọ̀ṣun, tàbí ìgbésí ayé ìlú láàárín ọdún 1950 sí 1970, ẹ kọ́kọ́ lọ sí Centre for Black Culture and International Understanding ní Òṣogbo níbí, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 2009, tí UNESCO sì fọwọ́ sí. Ibẹ̀ ni ìwé àti fótò tí Ulli Beier, ọ̀mọ̀wé ọmọ Jámánì, kó jọ wà. Òun ló bá Dúró Ládiípọ̀ dá ilé iṣẹ́ ọnà àti eré tí wọ́n ń pè ní Mbari Mbayo sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1962, ibẹ̀ sì ni àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Twins Seven Seven, Jimoh Buraimoh, Muraina Oyelami àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ti gbòòrò. Ilé Iwalewahaus ní Bayreuth, Jámánì, tí Beier náà dá sílẹ̀ ní 1981, ní ohun tirẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó bá jìnnà sílé lè kọ̀wé sí wọn.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ igbó Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀, ilé iṣẹ́ àjọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba àpapọ̀ ní Òṣogbo lẹ máa lọ. Ìjọba kéde igbó náà gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO sì fi í sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Kí UNESCO tó gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ìjọba gbọ́dọ̀ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ gígùn ránṣẹ́, tí àwòrán ilẹ̀, ààlà àti àkójọ orúkọ ojúbọ wà nínú rẹ̀. Ìwé ẹ̀bẹ̀ náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ díẹ̀ nínú àwọn ọmọ Òṣogbo ló ti ṣí i rí.

Ìwé tí a tẹ̀, ìwé àpilẹ̀kọ akẹ́kọ̀ọ́, gásẹ́ẹ̀tì ìjọba: ẹ wò ní láíbùrérì ìpínlẹ̀ àti ti UNIOSUN, tí ẹ kò bá rí i, ẹ lọ sí Hezekiah Oluwasanmi ní yunifásítì Ifẹ̀. Ifẹ̀ kò jìnnà, ẹ lè lọ kí ẹ bọ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Ìwé ìgbà òyìnbó kò sí ní Òṣogbo. Ìbàdàn ló wà, ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú ọgbà yunifásítì Ìbàdàn. Ìdí rẹ̀ ni pé abẹ́ Ìbàdàn Division nínú Ọ̀yọ́ Province ni òyìnbó fi Òṣogbo sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, ẹni tó bá béèrè "fáìlì Òṣogbo" nìkan á rí díẹ̀, á sì fi ọ̀pọ̀ sílẹ̀. Ẹ béèrè àkójọ tí wọ́n ń pè ní Oyo Prof, Iba Div àti Oshun Div. Ìwé àwọn CMS, ìyẹn ìjọ Áńgílíkà, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, lábẹ́ CMS (Y). Èyí tí àwọn míṣọ́nnárì fi ránṣẹ́ sílé lọ́dọ̀ wọn wà ní yunifásítì Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ má gbàgbé ààfin, ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, mọ́sálásí àti ilé ẹ̀kọ́. Ìwé àkọsílẹ̀ ìrìbọmi àti ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì kan lè tán ìṣòro tí fáìlì ogún kò tán. Àmọ́ ẹ kò lè já wọlé lọ bá wọn. Ẹ wá ẹni tó mọ àlùfáà tàbí lèmọ́mù kó mú yín lọ.

Ìgbésẹ̀ 4: Ohun tí ẹ máa dì sápò

Lẹ́tà láti ilé ẹ̀kọ́ tàbí ibi iṣẹ́ yín. Ẹni tó ń ṣe ìwádìí ẹbí lè gba lẹ́tà lọ́wọ́ mọ́gàjí tàbí baálé agbo ilé rẹ̀, kó sì fi ìwé ìdánimọ̀ ti ara rẹ̀ kún un. Fótò pélébé méjì. Pẹ́ńsùlù, kì í ṣe bírò. Power bank, torí iná. Owó díẹ̀ fún fọ́ọ̀mù àti fótókọ́pì. Sùwẹ́tà tàbí ìborùn tó bá jẹ́ pé ilé tó ní ẹ̀rọ amúlétutù lẹ ń lọ, torí wọ́n máa ń mú un tutù gan-an nítorí ìwé.

Ẹ ránṣẹ́ ṣáájú. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń ṣí, bóyá ẹni tó ń mójú tó àkójọ tí ẹ fẹ́ wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ dé lówùúrọ̀. Wọ́n lè gba wákàtí kan kí wọ́n tó gbé fáìlì jáde, wọ́n sì lè má gba ìbéèrè tuntun mọ́ tí ọwọ́ ọ̀sán bá ti wọlé. Àti pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kí wọn dáadáa. "Ẹ kú iṣẹ́ o" tí ẹ bá wọlé wúlò ju lẹ́tà ọ̀gá àgbà lọ. Òṣìṣẹ́ tó ti lo ogún ọdún láàárín ìwé mọ ohun tí kò sí nínú kátálọ́ọ̀gì kankan.

Ìgbésẹ̀ 5: Orúkọ tí ẹ máa fi wá a

Kọ̀ǹpútà àti káàdì kátálọ́ọ̀gì kò mọ̀ pé Òṣogbo kan náà ni. Nínú ìwé òyìnbó, "Oshogbo" ló pọ̀ jù. Odò náà jẹ́ "Oshun". Tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ẹ gbìyànjú "sh", ẹ tún gbìyànjú "s" lásán, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì kankan, kí ẹ sì tún fi àmì sí i. Orúkọ ènìyàn bẹ́ẹ̀ náà: Oyèwálé lè di "Oyewale" tàbí "Oyawale". Etí akọ̀wé kan yàtọ̀ sí ti èkejì.

Ìjọba pẹ̀lú ń yí orúkọ padà, ìwé sì ń tẹ̀lé ìjọba. Ìwé 1955 nípa Òṣogbo wà lábẹ́ Western Region. Ti 1970, Western State. Láti ọjọ́ 3 oṣù Kejì 1976, ó bọ́ sábẹ́ Oyo State. Láti ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1991 ló tó di Osun State. Ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ Òṣogbo ní 1982 lábẹ́ "Osun State" kò ní í rí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ oyè ńkọ́? Ẹ béèrè ìwé ìkéde oyè tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin oyè Western Region ti 1957. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ ìdílé tó lè jẹ oyè sí, àti ẹ̀tọ́ àwọn afọbajẹ.

Fún ìwé tí a tẹ̀, ẹ mọ nọ́ńbà pẹpẹ, kí ẹ lè dìde lọ wò ó fúnra yín níbi tí wọ́n bá gbà. Ní láíbùrérì tó ń lo ètò nọ́ńbà Dewey, ìtàn Nàìjíríà wà ní 966.9. Àmọ́ tí ẹ bá dúró síbẹ̀ nìkan, ẹ ti pàdánù ìdajì Òṣogbo. Ọ̀ṣun àti òrìṣà wà ní 299.6. Iṣẹ́ ọnà Nàìjíríà wà ní 709.669. Eré, ewì àti ìtàn àròsọ Yorùbá wà ní 896.333. Ní láíbùrérì yunifásítì tó ń lo ètò Library of Congress, ìtàn wà ní DT515, ẹ̀sìn Yorùbá sì wà ní BL2480. Tí ẹ bá rí ìwé kan tó dára, ẹ wo mẹ́wàá tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ àti mẹ́wàá lápá òsì. Lójú tèmi, èyí ń múni rí ju wákàtí kan nídìí kọ̀ǹpútà lọ.

Ìgbésẹ̀ 6: Lórí tábìlì

Ẹ fọ ọwọ́, ẹ nù ún gbẹ. Fún ìwé lásán, ọwọ́ mímọ́ dára ju ìbọ̀wọ́ lọ, torí ìbọ̀wọ́ kì í jẹ́ kí ìka mọ bí ìwé ṣe fẹ́lẹ́, etí rẹ̀ á sì ya. Fótò ló ń fẹ́ ìbọ̀wọ́. Ẹ má fi itọ́ ṣí ojú ewé, bó ti wù kó ti mọ́ yín lára tó. Ẹ má gbé ìgúnpá lé ìwé. Tí okùn fáìlì bá le, ẹ má tú u, ẹ pe òṣìṣẹ́. Fáìlì kan ṣoṣo ni kó ṣí lórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan, nítorí lẹ́tà tó bá wọ inú fáìlì mìíràn ti sọnù nìyẹn. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín kò ní í rí i láéláé. Bí ẹ ṣe bá a tò lẹ máa tò ó padà, kódà bí ó bá hàn pé ẹni tó tò ó ṣáájú ṣì í tò.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ kọ́ bí a ṣe ń ka fáìlì ajẹ́lẹ̀

Èyí ni ìpín tó ṣòro jù, òun náà ló sì lérè jù.

Ẹ fojú inú wo fáìlì kan tí a gbé ka iwájú yín. Èèpo rẹ̀ pupa rúsúrúsú, etí rẹ̀ ti jẹ. Lójú èèpo, nọ́ńbà fáìlì àti orí ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ kí ẹ tó ṣí i rárá. Nínú ọ̀pọ̀ irú fáìlì bẹ́ẹ̀, ìwé tó pẹ́ jù wà nísàlẹ̀, tuntun wà lókè. Nítorí náà, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè ń ka ìparí ẹjọ́ kó tó mọ ẹni tó pẹjọ́. Ẹ lọ sísàlẹ̀, kí ẹ máa gòkè bọ̀. Nọ́ńbà kékeré tí wọ́n kọ sí igun ewé kọ̀ọ̀kan ni nọ́ńbà ewé. Tó bá fo láti 14 lọ sí 17, wọ́n ti yọ nǹkan níbẹ̀, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ẹ ó rí ewé tí àwọn ọ̀gá kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú síra wọn lórí rẹ̀ pẹ̀lú yíǹkì oríṣiríṣi. Ẹ má fò ó. Lẹ́tà tó jáde lọ bá aráàlú á fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀. Ewé yìí ni ajẹ́lẹ̀, ìyẹn òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè, ti ń sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. P.A. ni pé kí wọ́n gbé fáìlì padà sí pẹpẹ, ọ̀rọ̀ ti parí. B.U. pẹ̀lú déètì ni pé kí wọ́n gbé e wá lọ́jọ́ yẹn. K.I.V. ni pé kí wọ́n ṣì máa fojú sí i; ẹnikẹ́ni tó ti ṣe iṣẹ́ ìjọba ní sẹkitéríàtì Abẹ́rẹ́ rí mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wá jù ni ìwé ẹ̀bẹ̀. Tí ìjọba bá gba ilẹ̀, tí wọ́n bá fi owó orí kún owó orí, tí wọ́n bá fi ẹnì kan joyè tí ìdílé mìíràn kò fẹ́, àwọn ènìyàn á lọ bá akọ̀wé lẹ́tà lẹ́bàá ọjà, á bá wọn kọ ìwé sí ajẹ́lẹ̀. Èdè òyìnbó inú rẹ̀ máa ń wúwo: àwọn ẹni ìrẹ̀lẹ̀ tó ń bẹ̀bẹ̀, àwọn tí yóò máa gbàdúrà fún un títí láé. Ẹ ka gbogbo ìyẹn kọjá, kí ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Níbẹ̀ lẹ ó rí orúkọ àwọn tó fọwọ́ sí i, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, ó lè tó ogún, ó lè tó ogójì, tí àmì X tàbí ìtẹ̀ka yíǹkì wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò mọ̀wé kà, tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìtàn kankan, ti fi ìka rẹ̀ síbẹ̀. Fún ẹni tó ń wá agbo ilé, orúkọ àwọn aládùúgbò lẹ ń kà yẹn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe jókòó pọ̀ lọ́jọ́ náà. Fún ìbéèrè wa nípa ilẹ̀ ojú irin, irú ìwé yìí ni kí ẹ lépa, àti ìwé ẹ̀rí owó gbà-má-bínú tó bá tẹ̀lé e. Ìwé àkọsílẹ̀ kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ ló tún tẹ̀lé ìyẹn, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìjà lórí owó ilẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ìjọba bá ti sanwó tán.

Àmọ́ ẹ má gba gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì gbọ́. Ohun tí ògbufọ̀ sọ fún ajẹ́lẹ̀ ni ajẹ́lẹ̀ kọ, ògbufọ̀ sì ní ẹbí tirẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, òyìnbó rán àwọn ajẹ́lẹ̀ kí wọ́n kọ ìròyìn nípa ìtàn àti ìṣàkóso ìlú kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ìròyìn yìí ló máa sọ ẹni tó máa wà lábẹ́ ẹni, nítorí náà kò sí ìlú tó sọ pé òun ni àbúrò. Ìròyìn náà wúlò púpọ̀. Ẹ kàn máa bi í léèrè pé: ta ló sọ èyí fún un, kí ló sì fẹ́ jèrè?

Ìgbésẹ̀ 8: Fótò

Ẹ wo ẹ̀yìn fótò kí ẹ tó wo ojú rẹ̀. Òǹtẹ̀ ilé fótò, déètì tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ, orúkọ ẹni tó ni ín, ẹ̀yìn ni gbogbo rẹ̀ wà. Tí kò bá sí déètì, ẹ wá ohun tó lè fi ìgbà hàn. Tí ọkọ̀ ń lọ lójú títì, apá wo ni wọ́n ń gbà? Ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní apá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún. Tí pátákó ìpolówó bá kọ iye ọjà ní ṣílè, kò tíì di ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní 1973 tí náírà dé. Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, kò tíì dé Nàìjíríà ṣáájú 1950, nítorí náà fótò igbó Ọ̀ṣun tí ère símẹ́ǹtì ńláńlá irú tirẹ̀ hàn nínú rẹ̀ kò lè jẹ́ ti ìgbà ogun Hitler, ohun yòówù kí ẹni tó fún yín sọ.

Ohun kan nípa ẹ̀tọ́. Pé fótò wà ní láíbùrérì kò sọ pé ẹ lè gbé e sórí Facebook. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti Nàìjíríà ti 2022, ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé wà títí ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ti fótò sì wà títí ọdún 50 lẹ́yìn ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé tó ni ín, ní ìwé. Tó bá jẹ́ fótò ètùtù tàbí ojúbọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ìsìn náà pẹ̀lú, kódà bí òfin kò bá sọ bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 9: Ìwé ìròyìn

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ síí ṣí i lójú ewé kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ á lọ. Ẹ kọ́kọ́ mọ déètì láti ibòmíràn, kí ẹ tó béèrè ìdì tó bá a mu. Daily Times bẹ̀rẹ̀ ní 1926, Nigerian Tribune ní 1949 ní Ìbàdàn. Gbohùngbohùn, tó jẹ́ ti Yorùbá, dé ní 1970, ó sì máa ń ní ìròyìn ìlú kéékèèké tí àwọn ti òyìnbó fò. Tó bá jẹ́ ọdún Ọ̀ṣun lẹ ń wá, ẹ béèrè ti oṣù Kẹjọ ọdún kọ̀ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ 10: Bí ẹ ṣe máa kọ ohun tí ẹ rí

Tí wọ́n bá gbà kí ẹ ya fótò, ẹ kọ́kọ́ ya èèpo fáìlì, kí ẹ tó ya ewé inú rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ó ní ọgọ́rùn-ún fótò lórí fóònù tí ẹ kò mọ ibi tí wọ́n ti wá. Ẹ pa fìláàṣì. Nínú ìwé yín, ẹ kọ orúkọ ilé náà, nọ́ńbà fáìlì, nọ́ńbà ewé àti déètì lẹ́tà. Ẹ fi àmì sí ohun tí ẹ dà kọ bó ṣe rí gan-an, kó yàtọ̀ sí ohun tí ẹ fi ọ̀rọ̀ ara yín sọ. Tí ẹ bá wá nǹkan tí ẹ kò rí i, ẹ kọ ìyẹn náà: "wo Oyo Prof, 1903 sí 1907, kò sí." Á gbà yín lọ́wọ́ ìrìn àjò kejì.

Ìgbésẹ̀ 11: Ẹ gbé e lọ bá àgbà

Àwọn kan ń lọ bá àgbà kí wọ́n tó lọ láíbùrérì, wọ́n á sì parí síbẹ̀. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ẹ ní orúkọ lọ́wọ́. "Bàbá, mo rí orúkọ kan nínú ìwé àtijọ́, ṣé ẹ mọ ilé rẹ̀?" Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ á yàtọ̀ pátápátá sí ti ìgbà tí ẹ ní kí wọ́n sọ ìtàn ìlú. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ tẹ fótò náà jáde kó tóbi, torí ojú àgbà kò rí ti orí fóònù. Ẹ gba àyè kí ẹ tó gba ohùn wọn sílẹ̀.

Ẹ má béèrè ọdún. Ẹ béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Ṣé ogun Hitler ti parí? Ṣé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn 1955? Ṣé ìgbà wẹ́tìẹ̀ ni, 1965 sí 1966, àbí ìgbà Àgbẹ́kọ̀yà, 1968 sí 1969? Ṣé wọ́n ti gba owó Udoji, ìyẹn àfikún owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba ní nǹkan bí 1975? Ta ló jẹ́ Àtáọ́ja: ṣé Ọba Adénlé ni, àbí Ọba Ìyìọlá Oyèwálé Mátánmi Kẹta, tó wà lórí ìtẹ́ láti 1976 sí 2010? Ẹni tó ní òun kò mọ ọdún tí wọ́n bí òun lè sọ fún yín pé òun ti ń ta ẹ̀kọ nígbà tí wọ́n ń jó ilé kiri.

Tí ohun tí àgbà sọ bá tako fáìlì, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti agbo ilé rẹ̀. Oríṣi ìtàn ìtẹ̀dó Òṣogbo ju ọ̀kan lọ, èyí tí ẹ bá sì gbọ́ ní ilé kan lè yàtọ̀ ní ilé kejì. Kò sí ẹni tó ní kí ẹ dá ẹjọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ 12: Ẹ fi ẹ̀dà sílẹ̀

Tí iṣẹ́ yín bá parí, ẹ mú ẹ̀dà kan lọ fún láíbùrérì tó ràn yín lọ́wọ́, àti ọ̀kan fún mọ́gàjí agbo ilé. Ìwé olójú ewé mẹ́wàá tí ẹ fi sítépù so pọ̀ tó. Lójú ìwé àkọ́kọ́, ẹ kọ orúkọ yín, ọdún, orúkọ agbo ilé tàbí àdúgbò tó dá lé, àti oríṣi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ orúkọ náà, "Òṣogbo" àti "Oshogbo" papọ̀, kí òṣìṣẹ́ lè fi í sí pẹpẹ tó yẹ. Tí ohùn àgbà bá wà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ gbé e sórí flash tuntun, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ọjọ́ tí ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì gba ìwé ìjẹ́rìí pé wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ yín.